Ọ̀rọ̀ Bàbá Wà ní Ìkọkànlá

Lọ́dọọdún, tí oṣù kejì tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí ìtàn adúláwọ̀ bá ti dé, àwọn ará Torino ní Italy níbí á rántí pé àwa adúláwọ̀ wà láàárín wọn. Oṣù mọ́kànlá tó kù, tí mo bá wọ tram, obìnrin tí mo bá jókòó tì á fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Oṣù kejì nìkan ni wọ́n máa ń bi mí bóyá mo lè wá kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ijó.

Ẹ wo ìwé ìpolówó tí wọ́n ń lẹ̀ káàkiri. Igi kan ṣoṣo nínú pápá, oòrùn tó ń wọ̀, àgùnfọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Ìlú tí wọ́n bí mi sí, ewúrẹ́ ló kún ibẹ̀. Àgùnfọn tí mo kọ́kọ́ fojú rí láyé mi, ọgbà ẹranko kan lẹ́yìn Torino níbí ni mo ti rí i, mo sì tò lórí ìlà kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọlé bíi gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa mi, àgùnfọn ni wọ́n á yà.

Mo kọ́kọ́ gbé ní Padova kí n tó wá síbí. Níbẹ̀, àwọn obìnrin kan tí wọ́n wọ ìlẹ̀kẹ̀ igi ńláńlá sọ́rùn ní kí àwa obìnrin Áfíríkà wá fi àṣà wa hàn. A múra, a lọ. A débẹ̀, wọ́n ní kí a kọjá sí ilé ìdáná. A se ìrẹsì fún gbogbo àgbájọ. Nígbà tí a fi máa nu ọwọ́ jáde, wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa wa tán, wọ́n ti pàtẹ́wọ́, wọ́n wá ń béèrè bóyá ẹran ṣì kù.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti San Salvario, àdúgbò kan ní Torino níbí. Ọkùnrin òyìnbó kan tó di irun jọwọlọ ń lu ìlù, ó wá ń kọ́ mi, èmi, bí mo ṣe máa jó. Ó di ojú méjèèjì, ó ní kí n jẹ́ kí ara mi rántí. Kí ara mi rántí kí ni? Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti ń gbé àwọn arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ríro ni ara mi ń rántí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì rẹ́rìn-ín bíi pé mo ṣàwàdà.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé àdúgbò wa ní Barriera di Milano pè mí, mo ti ń wá irọ́ tí màá pa. Àṣé tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ oúnjẹ, òun ò fẹ́ ijó, òun ò fẹ́ ẹni tó máa lu nǹkan kan. Ó ní ṣé mo mọ ẹnì kan tó ti pẹ́ ní ìlú yìí, tó lè jókòó kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ayé ṣe rí fún adúláwọ̀ níbí láti ọjọ́ tó ti dé. Wákàtí méjì ni wọ́n fún òun, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà lọ́jọ́ Sátidé, torí aago mẹ́fà géérégé ni custode tó ń mójú tó ilé náà máa ń ti ilẹ̀kùn. Ẹnu yà mí. Mo ní mo mọ ẹnì kan.

Bàbá kan ni. Ilé kan náà la jọ ń gbé, àwọn lókè kìíní, èmi lókè kẹta, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì jọ ń lọ. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìwé ni wọ́n wá kà ní Padova nígbà tí àwa tí à ń pariwo ẹgbẹ́ lónìí ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìwé ò lọ mọ́, wọ́n wá sí Torino, wọ́n wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin, wọ́n sì ṣe é títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ti kú tipẹ́. Ọmọ méjì ló bí fún wọn níbí, obìnrin kan, ọkùnrin kan. Ọkùnrin yẹn ló kú lórí ọ̀kadà lọ́dún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Ọmọ ogún ọdún ni. Obìnrin ṣì wà, ó ń ṣiṣẹ́ ní Padova, ṣùgbọ́n kì í wá wo bàbá rẹ̀. Tó bá di Kérésìmesì, á tẹ̀ wọ́n láago fún ìṣẹ́jú méjì. Ó parí.

Kò sí ẹni tí kò ní ohun tó ń sọ nípa ọmọbìnrin yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ni mo sì máa ń sọ ọ́ jù. Mo ní ó ti di òyìnbó pátápátá. Mo ní ọjọ́ tí bàbá bá kú, comune, ìjọba ìlú, ni yóò kọ lẹ́tà sí i kó tó mọ̀. Àwọn obìnrin á ní, "Háà, àǹtí, ẹ ti le jù," wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi mú, mo mọ̀, ó sì máa ń dùn mọ́ mi.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé fún bàbá. Wọ́n wá bi mí pé, "Tí mo bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣé èèyàn á wà níbẹ̀?"

"Èèyàn á wà níbẹ̀, sà."

"Ṣé mo lè pe ọmọ mi?"

Mo ní kí wọ́n pè é, kí ló burú níbẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n sọ ohun tí n kò gbọ́ rí fún mi. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n sin ọmọ àwọn, ilé làwọn jókòó sí. Mo ní ṣebí mo mọ̀. Bàbá wo ló ń tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀ lọ sí itẹ́? Bàbá ò gbọdọ̀ rí i, ìyá ò gbọdọ̀ rí i, wọn ò tiẹ̀ gbọdọ̀ mọ ojú sàréè rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ yẹn?

"Ìwọ mọ̀ ọ́n," wọ́n ní. "Òun ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Torino ni. Ó rò pé mo jókòó sílé torí ikú ọmọ náà ò dùn mí."

Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?"

"Èmi rò pé ó mọ̀ ni. Ìgbà tí mo fi máa rí i pé kò mọ̀, ó ti kó lọ sí Padova, kò gbé fóònù mi fún ọdún mẹ́ta. Kí n wá máa rojọ́ fún ọmọ tí mo bí lórí fóònù? Tó bá jẹ́ àwa méjì péré la jókòó, ìjà ni yóò dà, yóò sì dìde. Níwájú èèyàn, kò ní dìde. Mo kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́."

Wọ́n wá fi ojú júwe àwọn àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lọ́jọ́ Túsìdé tó máa tẹ̀lé Sátidé yẹn ni wọ́n ń padà sílé, pátápátá, kì í ṣe ìsinmi. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ sí Italy kí àwọn wá lọ kú sílé. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ fún un o, ẹnu àwọn ló ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Mo ṣèlérí.

Ojú tì mí díẹ̀ fún gbogbo ẹnu tí mo ti fi bú ọmọ náà. Díẹ̀ ni mo wí. Mo ṣì ń sọ lọ́kàn mi pé ó yẹ kó béèrè.

Ibi tí mo ti ba nǹkan jẹ́ ni pé mo lọ sọ ọ́ fún ẹgbẹ́. A ní ẹgbẹ́ àwọn èèyàn wa ní Torino, mo ń bá wọn kọ̀wé. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé comune máa rán ẹnì kan wá síbi ètò náà, wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì lẹ́yìn ìsìn Sunday. Mo rò pé a máa sọ bí a ó ṣe gbé bàbá débẹ̀, tàbí ẹni tí yóò bá wọn túmọ̀ tí èdè bá há wọn lẹ́nu. Rárá o. Háì tébù ni wọ́n ń jà sí. Ta ni alága ọjọ́? Ta ni bàbá ọjọ́? Ta ni ìyá ọjọ́? Ta ni yóò jókòó ti ẹni comune, lápá ọ̀tún rẹ̀ ni àbí lápá òsì?

Ẹ wá wo ìran. Ọkùnrin kan tó ń to páálí ní ilé ìkẹ́rù láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, iṣẹ́ gidi tí kò yẹ kó ti ẹnikẹ́ni lójú, ní kí wọ́n máa pe òun ní Asíwájú Gbogbo Àríwá Italy. Ta ló yàn án? Òun náà ni. Obìnrin kan tí èmi àtirẹ̀ jọ ń pààrọ̀ ìlédìí àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan náà, ó jókòó lọ́jọ́ yẹn, ó di Ìyálóde Piemonte. Mo wò ó lójú, ó wò mí lójú, kò sẹ́jú. Wákàtí méjì ààbọ̀ la lò lórí àga mẹ́sàn-án.

Èmi náà ńkọ́? Wọ́n ní èmi ni MC, torí èdè Italy mi já gaara. Mo ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Irọ́ ni, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì mo ti wà ní ọjà Porta Palazzo, mo ń wá gèlè.

Wọ́n wá kọ ètò. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Orin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Orin orílẹ̀-èdè Italy. Pípe àwọn àgbà sórí háì tébù. Ọ̀rọ̀ alága, ọ̀rọ̀ àlejò láti comune, ọ̀rọ̀ bàbá ọjọ́, ọ̀rọ̀ ìyá ọjọ́, ó ń lọ bẹ́ẹ̀, títí tí ọ̀rọ̀ bàbá fi bọ́ sí ìkọkànlá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣebí tìtorí bàbá la ṣe ń ṣe é? Kí ló dé tí kò ṣáájú?" Alága fún mi lésì láìtijú. Ó ní tí bàbá bá ti sọ tiwọn tán, àwọn òyìnbó á dìde lọ, ta ló wá máa gbọ́ tàwa?

Mo mọ̀ pé kò dáa. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀ náà.

Sátidé dé. Aago mẹ́rin kò tíì lù tí àwọn òyìnbó bí ọgbọ̀n ti jókòó jẹ́ẹ́ nínú yàrá náà. Bàbá ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́ta ààbọ̀. Kóòtù aláwọ̀ eérú kan ni wọ́n wọ̀, ó ti fẹ̀ jù wọ́n lọ, wọ́n sì ya irun wọn ní yíyà gidi. Wọ́n jókòó sí ìparí ìlà kìíní. Torí wọn ò ní oyè, wọn ò sí lórí háì tébù. Tí mo bá wo ọ̀dọ̀ wọn, ètè wọn ń mì. Wọ́n ń kọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Ọmọbìnrin wọn wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ga, ó gé irun mọ́lẹ̀, ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Ó ní, "Ciao, papà," bàbá sì dìde fún un. Mi ò rí bàbá Yorùbá tó dìde fún ọmọ rẹ̀ rí. Ó lọ jókòó sẹ́yìn nítòsí ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì lé itan. Mo lọ kí i. Ó sọ fún mi pé ọkọ̀ ojú irin òun sí Padova máa gbéra ní aago méje, tó bá ti di aago mẹ́fà òun máa lọ. Mo ní kò séwu, aago mẹ́fà la ń parí.

Àwọn ará háì tébù dé ní aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo wọn. Àlejò láti comune ti wo aago rẹ̀ tó ìgbà mẹ́fà. Pásítọ̀ gbàdúrà fún Nàìjíríà, ó gbàdúrà fún Italy, ó gbàdúrà fún àwọn tó ń retí permesso, ìwé ìgbélùú, ó gba ti àwọn tó ń wá ọmọ, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. A kọ orin méjèèjì. Mo wá gbé máìkì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn àgbà.

Ẹni tí mo bá pè á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí n lè tún un pè. Á wá dìde, á tún fìlà ṣe, á bọ gbogbo ìlà kìíní lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá náà á nawọ́ fún un, kó tó lọ jókòó. Mo ti pe ẹni kẹfà nígbà tí Asíwájú rán èèyàn sí mi pé mo fo oyè kan nínú tòun. Mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní kó dìde. Mo tún un pè, oyè pé, ó tún bọ ìlà kìíní lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Àlejò láti comune sọ̀rọ̀. Ó ní àwa ni àwọ̀ tó jẹ́ kí ìlú náà dùn ún wò. Bó ṣe sọ̀rọ̀ tán ló mú kóòtù rẹ̀, ó ní òun ní ibòmíràn láti lọ. Nígbà tó di aago márùn-ún ààbọ̀ kọjá, bàbá ọjọ́ wà lórí ìdúró, ó ń sọ bí òun náà ṣe dé Italy, bí òun ṣe jìyà, bí Ọlọ́run ṣe gbé òun ga. Ọ̀dọ́mọbìnrin ilé ìkàwé nawọ́ sí mi láti ẹ̀yìn, ó ń fi ìka kan aago ọwọ́ rẹ̀. Mo mi orí pé mo ti rí i. Máìkì kejì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, "Ẹ ṣeun, sà, ó tó." Mi ò sọ ọ́. Ṣé èmi ni màá já máìkì gbà lẹ́nu bàbá ọjọ́? Wọ́n á ní mo ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Bàbá ọjọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ, àbúrò mi lọ́jọ́ orí ni.

Ìyálóde bọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Orin ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ní ó yá, kí n pe bàbá. Alága ní ó tì o, àmì ẹ̀yẹ wà. Àmì ẹ̀yẹ wo? Kò sí nínú ètò. Wọ́n fa àwọn pátákó pẹlẹbẹ kan jáde láti inú ọ̀rá. Ẹgbẹ́ fi ọ̀kan dá alága lọ́lá, alága ló sì buwọ́ lù ú. Asíwájú gba ọ̀kan. Wọ́n wá pe orúkọ mi. Wọ́n ní fún bí mo ṣe ń darí ètò lọ́nà tó gún régé. Mo lọ gbà á. Ẹ̀rín kún ẹnu mi. Mo dúró fún fọ́tò, wọ́n ní gèlè mi bo ojú alága, a tún un yà.

Ibi tí mo dúró sí yẹn ni mo wà nígbà tí iná ìdajì yàrá kú. Custode wà lẹ́nu ọ̀nà tòun ti kọ́kọ́rọ́. Ó ní aago mẹ́fà ti lù. Ọ̀dọ́mọbìnrin ilé ìkàwé ń bẹ̀ ẹ́, ó ń sọ pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré, bàbá kan ló kù. Bàbá ti dìde. Wọ́n ti de bọ́tìnnì kóòtù wọn, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Alága gba máìkì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Bàbá wa, ẹ má bínú, àkókò ti lọ. Lọ́dún tó ń bọ̀, lágbára Ọlọ́run, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún bàbá.

Gbogbo wa la mọ̀ pé bàbá ń lọ lọ́jọ́ Túsìdé. Wọ́n padà jókòó. Mo gbójú sẹ́yìn, àga tó wà nítòsí ilẹ̀kùn ti ṣófo.

Mo ju pátákó yẹn sórí tábìlì, mo sáré jáde. Mo bá a ní ibùdókọ̀, ó ń wo ibi tí bọ́ọ̀sì máa gbà wá. Mo pè é. Ó yíjú, kò bínú rárá, èyí ló dùn mí jù. Ó fi èdè Italy sọ fún mi pé, "Zia, kò sí wàhálà. Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn." Àǹtí ló ń pè mí láti kékeré, bíi gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ wà tí wọ́n fẹ́ bá ọ sọ."

Ó ní, "Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọ̀rọ̀ náà fi wà lẹ́nu wọn."

Mo sọ ọ́. Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí, mo mọ̀ pé kì í ṣe tèmi láti sọ, mo sọ ọ́. Mo po èdè méjì pọ̀, mò ń mí gúlegúle. Mo ní èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, bàbá kì í lọ síbi ìsìnkú ọmọ rẹ̀. Mo ní bàbá rẹ fẹ́ lọ. Wọ́n wọ bàtà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní Italy lèyí, kí a jẹ́ kí àwọn lọ rí ọmọ àwọn. Àwa la ò gbà. Ọkùnrin méjì dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Wọ́n sunkún títí ohùn wọn fi lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi nǹkan kan sẹ́nu.

Bọ́ọ̀sì dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó tún tì í, ó lọ. Kò wọ̀ ọ́. Omi ti dé ojú rẹ̀ ṣùgbọ́n kò nù ún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, mo tiẹ̀ fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó wá gbójú sókè.

"Bàbá àti ìyá ni kò gbọdọ̀ lọ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin ńkọ́, zia? Ṣé ẹ̀yin náà lẹ bí i ni?"

Èmi tí ẹnu mi mú, gèlè ni mo ń tún ṣe. Ó ní, "Èmi ni mo wà níbẹ̀, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, àti àlùfáà kan tí kò rí i rí. Èèyàn ò tó láti gbé pósí. Èmi náà fi èjìká gbé e." Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó gba ọ̀nà ilé ìkàwé lọ. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ níta, wọ́n di irin àtẹ̀gùn mú. Mo rí i tó dúró níwájú wọn. Mo rí i tó fa ọwọ́ wọn, tí wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ògiri nínú òtútù yẹn, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mi ò sún mọ́ wọn.

Mo dúró sí ibùdókọ̀, gbogbo ọjọ́ ìsìnkú yẹn wá ń padà sọ́kàn mi. Inú ilé bàbá la wà, àwa obìnrin tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A se oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni ò jẹ. A kọrin, a gbàdúrà, a gbálẹ̀, a pín ara wa sí ẹgbẹ́ tí yóò máa jókòó ti bàbá. Lójú wa, a ń ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn ti itẹ́ dé lọ́sàn-án, òun nìkan, amọ̀ bo bàtà rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Èmi ni mo sún mọ́ ilẹ̀kùn jù. Mo ní kó bọ́ bàtà rẹ̀ síta kó tó wọlé, torí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ tán ni.